Ẹ̀ṣẹ̀ Wà ní Chanchaga, Oore-Ọ̀fẹ́ Wà ní Jikpan

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè pọnmi láti odò Chanchaga dé ilé láìsinmi… ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé bí mo ṣe rí yìí ni wọ́n ṣe bí mi? Haba. Mo lẹ́wà! Bàbá yín àgbà ló wá fẹ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, pásítọ̀ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré kan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Chanchaga níbí, nínú Minna yìí. Ṣùgbọ́n mo bá ìyálé nílé o. Èdè Gíríìkì ni ìyálé mi.

Gíríìkì àtijọ́, èyí tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ ọ díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀, látìgbà náà kò lè wàásù lórí ọ̀rọ̀ kankan bí kò bá kọ́kọ́ wo ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gíríìkì. Mo ti gbé oúnjẹ sílẹ̀, ìwé ló ń wò. Ọbẹ̀ á dì bíi yìnyín.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Jikpan, nínú Minna níbí náà, Pásítọ̀ Gídíónì. Wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ní, ó tóbi bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò wá máa gbé? Ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Àáfà kan, ará Ìlọrin, tó máa ń di Kùránì tó ti ya. Wọ́n ní kó gé e sí méjì, kó fi èèpo sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹn wo ìwé, ó wo ojú wọn. Ó ní látìgbà tí òun ti ń tún ìwé ṣe, ẹnìkan ò tíì bẹ òun pé kí òun bà á jẹ́ rí. Ó ní, "Subhanallah," ó sì gé e.

Bàbá yín àgbà mú ìdajì iwájú, Gídíónì mú ìdajì ẹ̀yìn. Ní Sátidé, ọ̀kan á gun kẹ̀kẹ́ wá bá èkejì… kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ wà o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi ń lọ ra búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ibí. Wọ́n á jọ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi wàásù, wọ́n á jiyàn, wọ́n á jẹ iyán mi tán. Ó dùn nígbà náà.

Àfi bí wọ́n ṣe jà. Kí ló fà á? Ìdílé kan nínú ìjọ wa kó lọ sí Jikpan, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Gídíónì. Bàbá yín àgbà ní Gídíónì fa èèyàn òun. Gídíónì ní òun ò pe ẹnikẹ́ni. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Oníkálukú di ìdajì tirẹ̀ mú.

Ẹ wá gbọ́ wàhálà. Bí àwọn Gíríìkì ṣe to álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ̀ṣẹ̀ wà níwájú. Ìdájọ́, níwájú. Ọ̀run àpáàdì, níwájú. Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọkọ mi! Oore-ọ̀fẹ́, ayọ̀, ìgbàlà, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn wà, lọ́dọ̀ Gídíónì. Ìfẹ́ wà nínú tiwa o, ní ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n inú ń bí i, kò ṣí i.

Sunday yìí, ẹ̀ṣẹ̀. Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ kékeré á jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa gbọ̀n. Obìnrin kan sọ fún mi létí odò pé ẹ̀ṣẹ̀ wà ní Chanchaga, oore-ọ̀fẹ́ wà ní Jikpan, pé òun ti mọ ibi tí òun ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, ìjókòó ń ṣófo. Ni àwọn díákónì bá wá sílé wa. Wọ́n ní kó wàásù lórí oore-ọ̀fẹ́ ní Sunday tó ń bọ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á ní kí wọ́n wá gbé e kúrò. Ẹ̀rù bà mí. Ilá mi ń so létí odò, mo ti mọ Minna, mi ò fẹ́ lọ ibì kankan.

Bàbá yín àgbà ní òun ò lè wàásù lórí ọ̀rọ̀ tí òun ò wò.

Mo ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ ò mọ oore-ọ̀fẹ́ ní Yorùbá ni?"

Ó tún kọjú sí ìdajì tirẹ̀. Alágídí ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo bá pọn Dúpẹ́ ọmọ mi, ó di Jikpan.

Mo rò pé màá bá Gídíónì níbi tó ti ń yọ̀. Mo bá a, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní látìgbà tí òun ti ń wàásù oore-ọ̀fẹ́ àti ayọ̀ nìkan, ìjọ òun ti ya pòkíì. Ẹni tó yẹ kó ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ń sùn di ọ̀sán. Olórí akọrin ti fẹ́ ìyàwó kejì, ó ní ayọ̀ ni. Ó wá wò mí, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀ṣẹ̀ ni mo nílò. Bí mo bá rí ẹ̀ṣẹ̀ lónìí, ara mi á balẹ̀."

Wallahi, mo rẹ́rìn-ín títí Dúpẹ́ fi jí lẹ́yìn mi.

Ó di ìdajì tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó tì í tẹ̀ lé mi. Bàbá yín àgbà wà níwájú ilé. Ó rí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gídíónì gbé ìwé sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Oore-ọ̀fẹ́ rẹ rèé. Gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi."

Bàbá yín àgbà fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó ní, "Gídíónì, àárò rẹ sọ mí." Èmi náà sunkún. Mo wá lọ gún iyán, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ní Sunday yẹn, ó wàásù oore-ọ̀fẹ́ débi pé àwọn díákónì ní kó jókòó, ọjọ́ ti ń lọ.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Bàbá yín, ìyẹn ọmọ mi, ní òun fẹ́ gba ìdajì tó wà ní Jikpan, kí wọ́n di ìwé náà pọ̀. Mo ní kó má dán an wò. Ọwọ́ ìyàwó Gídíónì ló wà. Kò mọ Gíríìkì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n torí ẹ̀ la ṣe ń wá ara wa lọ. Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní, odindi ìwé náà wà nínú fóònù yín, ẹ ò ní í wá ẹnikẹ́ni lọ. Ó dáa… ta ló wá ń wá yín wá?

Ẹ bá mi pe oníkẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Jikpan ni mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ lọ wò.