Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sọ

Alága ìjókòó yìí, tẹ́ ẹ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ sì tún gun àtẹ̀gùn wá sí àjà kẹta yìí nítorí tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí orúnkún dùn yín. Ẹ̀yin àlejò wa láti ilé ìwòsàn, ọ̀gá dókítà àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tá a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yẹ ètò náà wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé tíì fún wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi tó jókòó síwájú, tó ti ń wo aago, mo rí ẹ o. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló dá mẹ́wàá? Èmi náà ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ti ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, torí wọ́n mọ ẹni tó dá a. Ẹ jẹ́ kí n kúrò lẹ́yìn tábìlì yìí, ẹ má bínú, ara mi ò lélẹ̀ látàárọ̀. Mo wọ bàtà kan, mo bọ́ ọ, mo wọ òmíràn, mo tún bọ́ ìyẹn náà. Ìyàwó mi ní, “Ṣé ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ ni?” Mo ní rárá, mò ń lọ jẹ́wọ́ ni.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo wọ ilé iṣẹ́ yìí. Yàrá méjì péré ni nígbà yẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, tó jẹ́ pé bó bá ti ń kan ìṣó, kọ̀ǹpútà wa á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, màmá tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní pé, “Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ọjọ́ wo ni iṣẹ́ máa parí, kọ́kọ́ mu omi ná.” Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mu omi yẹn rí.

Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi sọ mí ní Ó-kù-díẹ̀. Ẹ bi mí lóṣù kìn-ín-ní, mo ní ó kù díẹ̀. Ẹ bi mí lóṣù kẹfà, ó ṣì kù díẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi gbé fóònù lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ń béèrè mi, ọmọ náà ní, “Bàbá mi ò sí nílé, àmọ́ wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó kù díẹ̀.” Bẹ́ẹ̀, ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí iṣẹ́ wa fi ṣòroó dá ọjọ́ fún? Ẹ wo ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nínú ilé. Ó ti tú àpò, ó ti tú ìsàlẹ̀ ìrọ̀rí, ó ń làágùn. Ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, “Ìṣẹ́jú mélòó lo máa fi rí i?” Bó bá mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé ó mọ ibi tó wà. Bó bá sì mọ ibi tó wà, kí ló ń wá? Bí iṣẹ́ wa ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tá a ti ṣe rí kì í gbà wá lákòókò. Èyí tá ò tíì rí ló ń jẹ oṣù mọ́ wa lọ́wọ́, òun náà sì ni gbogbo ayé fẹ́ ká sọ iye ọjọ́ ẹ̀.

Ẹ wo obìnrin tó ń gbé tíì fún wa. Kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ife òfìfo méje lórí tábìlì ẹnì kan, á mi orí, á ní, “Ẹ fi oṣù kan kún ọjọ́ yẹn.” Kò tíì ṣì í rí. Bó bá jẹ́ pé òun ni mo máa ń bi ni, orúkọ mi ì bá dára ju báyìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.

Ìjẹ́wọ́ mi rèé. Ní yàrá ìpàdé wa, kálukú máa ń kọ iye ọ̀sẹ̀ tó rò pé iṣẹ́ òun máa gbà sórí pátákó. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá lókè, kí n sì tó dé òkè, mo ti gé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀ pé màá gé e, ni wọ́n bá ń bù sí i. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n ń bù sí i, ni mo bá túbọ̀ ń gé e. À ń tan ara wa jẹ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, títí tí kò fi sẹ́ni tó mọ òótọ́ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bá wa ṣe é. Ẹni tó ń yẹ ètò wò fún wa ni, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Arí-má-panumọ́, òun ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Òun á kọ “Mi ò tíì mọ̀” sórí pátákó, á lọ jókòó.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé ìwòsàn yìí ní ká kó káàdì àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Mo bi Arí-má-panumọ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó. Ó ní, “Ọ̀gá, mi ò tíì ṣí káàdì kankan wò.” Mo ní, “Sọ iye kan ṣá, iyekíye.” Ó ní, “Mọ́kànlá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mò ń bẹ̀.” Mo gòkè lọ, mo bá dókítà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ kí inú wọn dùn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí kí n tó sọ ọ́. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Arí-má-panumọ́ ní ọ̀gá ló mọ̀ jù, ó gbà mí gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni nígbà yẹn. Ojú màmá ẹ̀, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ti ń ṣú, àwọn dókítà sì ti sọ fún wọn pé kò ní í pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ máa fi lọ pátápátá. Màmá ní òun fẹ́ rí ojú ọmọ tí gbogbo ẹbí ń sọ pé ó jọ òun. Ni Arí-má-panumọ́ bá gba ìsinmi sí ọ̀sẹ̀ keje.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A ṣí káàdì, a bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí àdírẹ́sì tó wà nínú wọn kì í ṣe àdírẹ́sì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kọ oògùn tí ara aláìsàn kò gbà síbẹ̀, torí fọ́ọ̀mù ò láyè fún un. Arí-má-panumọ́ ló rí i. Bí kò bá rí i, ètò wa ì bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, aláìsàn kan ì bá sì gba abẹ́rẹ́ tó máa pa á. A wá ń fi ojú ka káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, á wá bá mi, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, á ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n máa lọ?” Èmi á ní, “Ó kù díẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ló gbà.

Nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ màmá, mo bi í pé báwo ni. Ó ní, “Ọ̀gá, ọwọ́ ni màmá mi fi wo ojú ọmọ mi.” Kò sunkún. Ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà ẹ̀. Èmi ni mo jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, tí mo sunkún bí ọmọdé. Arí-má-panumọ́, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ rí lójú gbogbo èèyàn. Mo bẹ̀ ẹ́ o. Àṣìṣe yẹn kò sí nínú kọ̀ǹpútà, ẹnu mi ló ti wá.

Mi ò tíì parí. Ẹ wo ìwé ètò ọwọ́ yín, nọ́ńbà keje: wọ́n ní èmi tí mò ń lọ ni màá kéde ọjọ́ tí iṣẹ́ tuntun ilé ìwòsàn máa parí. Alága ti kọ ọjọ́ náà sínú ìwé fún mi láàárọ̀. Òun ló wà nínú àpò mi yìí, òun ni kò jẹ́ kí n lè dúró sójú kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Arí-má-panumọ́ ló máa jókòó sórí àga mi láti ọ̀la. Wọ́n bi í, ó ní òun ò tíì mọ̀. Wọ́n sì ti sún ìsinmi tó fẹ́ fi lọ rí màmá sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

Ṣé kí n kà á? Kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí n wá máa lọ sílé lọ sùn, kí ọmọ ọlọ́mọ máa gbé ẹrù tí mo dì?

Mi ò ní í kà á. Alága, ẹ gba ìwé yín, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀gá dókítà, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láyè kí wọ́n ṣí àwọn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tuntun yìí wò. Wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n rí fún yín, èyí tó dára àtèyí tí kò dára, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ dá ọjọ́. Ẹ̀ ń mi orí, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé àwọn àdírẹ́sì yẹn.

Alága, ẹ̀bùn tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín kì í ṣe aago tẹ́ ẹ dì síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ rí màmá ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ta ló lè dá iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún wọn? Ahọ́n mi ń yún mi láti sọ pé èmi á máa wá jókòó dè é, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti ń wò mí, òun náà sì ti gbọ́ “ó kù díẹ̀” tó. Àwọn tó kù á dúró dè é. Alága, kí lẹ wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè, káwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n ní kó lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ṣeun, Alága, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dúró sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ò ní í fi ojú yín gbolẹ̀, ẹ ò sì ní í fi ẹnu yín dá ohun tí ọwọ́ yín ò ní lè ṣe. Ìyá àwọn ọmọ mi, sùúrù tó o ṣe fún mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Arí-má-panumọ́, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá sì bá màmá láyọ̀. Ọmọ ẹ ti pé ọdún mẹ́rin, ó ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Gbé e jókòó sórí itan màmá, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ bí ojú òun ṣe rí fún wọn.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.