Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wíwú Lọ́jọ́ Ìsoyìgì

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe ọmọge l'Ápòmù, eyín kì í dun ẹnì kan kí gbogbo ilé má sùn. Wàsíù, gbé fóònù yẹn sílẹ̀! Eyín kan péré ni wọ́n yọ lẹ́nu ẹ lánàá, o wá ń kérora bí ẹni ń rọbí. Ṣebí dókítà ní yóò wú díẹ̀, yóò sì lọ sílẹ̀? Fi yìnyín sí i, jàre.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi yòókù. Bàbá yín àgbà náà yọ eyín, ìsoyìgì wa ku ọ̀la. Dókítà kìlọ̀ fún wọn: ẹ má jẹ ata, ẹ má jẹ ohun tó le. Wọ́n láwọn ti gbọ́. Ó tán… wọ́n dé gáréèjì Ìkirè, òórùn dòdò aláta gbà wọ́n nímú. Ọmọ Ìkirè wo ló ń rí dòdò tó ń kọjá? "Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo fi jẹ ẹ́." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Bí ẹni pé ata mọ ààlà!

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti di búrẹ́dì. Bàbá mi wò wọ́n títí: "Ta ló na eléyìí?" Àgbẹ̀ olówó kan ní Orílẹ̀-Òwu ni bàbá mi fẹ́ fi mí fún tẹ́lẹ̀, àwáwí ni wọ́n ń wá láti da ìsoyìgì náà rú.

Àlùfáà bi ọkọ mi: "Ṣé o gbà á níyàwó?" Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ò ṣeé là. Àlùfáà ní, "A kì í mirí gba ìyàwó. Fọhùn!" Bàbá mi ti ń wá bàtà wọn…

Ni bàbá yín àgbà bá ya ẹnu. "Mo gbà á!" Ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, omi lójú. Àwọn ìyá ń sunkún: "Ẹ wo ìfẹ́!" Ìfẹ́ kẹ̀? Ata ni! Èmi ìyàwó tuntun ló ń po omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wọn, tó ń fún wọn ní ògì bí ọmọ ọwọ́, títí ojú egbò fi jinná.

Lónìí ńkọ́? Wàsíù, ọmọbìnrin Gbọ̀ngán tó o fẹ́ fẹ́ yẹn ní kó o wá rí bàbá òun, o ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú. Kó tó wú ńkọ́, kí ló dí ẹ lọ́wọ́? Lórí fóònù, ẹnu ẹ dá ṣáṣá. Ọkùnrin ayé ìsinsìnyí… hùn.

Ká ní bàbá yín àgbà dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ni, Orílẹ̀-Òwu ni ǹ bá bímọ sí, ìwọ ì bá má sì sí láyé tí ò ń kérora sí mi létí.