Mo Fi Ẹnu Pa Ìyá Mi Láàyè

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀la ni dókítà máa la inú mi, ó sì ti wò mí bí a ṣe máa ń wo ẹni tí a kò fẹ́ tàn jẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti ń jẹ mí nínú kí àìsàn yìí tó dé, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Ìwọ àbúrò mi, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ìwọ lo fi Màmá lé mi lọ́wọ́. Ẹ má gbé omi fún mi o. Bí mo bá dánu dúró, ẹ̀rù á tún bà mí.

Nígbà tí èmi àti àbúrò mi wà ní kékeré, ọdọọdún ni Bàbá máa ń kó wa lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílùú kan létí òkun. Ilé kan náà la máa ń dé sí, ilé onílẹ̀kùn búlúù tó wà lórí òkè, tí èèyàn á gun àtẹ̀gùn títí kó tó débẹ̀. Obìnrin tó ni ín là ń pè ní Ìyá Onílé. Ó máa ń gba àwọn tó wá gbafẹ́ sílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Òun ló sọ mí ní Ẹlẹ́sẹ̀ Tínrín. Òun àti Màmá di kòríkòsùn, “Èkejì mi” ni wọ́n ń pe ara wọn. Bàbá a máa ṣàwàdà pé òun ò mọ̀ bóyá òkun ni ìyàwó òun wá wò ni tàbí ilé ìdáná Ìyá Onílé, torí àwọn méjèèjì kì í jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Ìyá Onílé kọ lẹ́tà sí Màmá, ọwọ́ mi ló sì bọ́ sí. Ó ní yàrá méjì ṣófo nísàlẹ̀ ilé òun, kí Èkejì òun máa bọ̀, káwọn jọ darúgbó pọ̀. Mo mọ̀ pé Màmá á lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin mẹ́ta ń bẹ nílẹ̀, àbíkẹ́yìn ò tíì já lẹ́nu ọmú, èmi sì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, lálẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni yóò bá mi mójú tó yín? Mo fa lẹ́tà náà ya. Mo kọ èsì pé ara Màmá kò gba ìrìn mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún Màmá pé mo gbọ́ pé ìjì òkun wó ilé náà, pé Ìyá Onílé sì bá a lọ. Màmá gbé àbíkẹ́yìn mi pọ̀n, ó ń pọ̀n ọ́n káàkiri ilé, títí ọmọ fi sùn tó sì tún jí. Mo rí i bẹ́ẹ̀, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo jáde. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ogún. Ọdún kẹtàdínlógún ni àbúrò mi ní kí Màmá wá fi ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún rẹ̀, kí èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì sì bá a lọ, torí àga onítáyà ló ti ń jókòó sí nígbà náà. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ti ìwé kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wa, wọ́n kọ orúkọ ìlú tí a máa yà sí lọ́jọ́ kejì sínú rẹ̀. Ìlú Ìyá Onílé ni. Kí n tó ká ìwé náà pọ̀, Màmá ti fi awò ojú sí. Ó fi ìka tọ orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Mú mi débẹ̀. Bí ilé bá wó, ilẹ̀ ò lè wó. Jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ mi sí.”

Mo sọ fún un pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ jù fún àga onítáyà, pé kí n kọ́kọ́ lọ wò ó, bí ọ̀nà bá dáa, màá padà wá gbé e. Mi ò ní i lọ́kàn láti padà wá gbé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkọ̀ dé èbúté lọ́jọ́ kejì, àwọn èrò yòókù wọ bọ́ọ̀sì tí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣètò, èmi dá wọ takisí. Agogo mọ́kànlá ni. Ọkọ̀ ojú omi wa máa ṣí ní agogo mẹ́rin. Ẹ lè béèrè pé kí ló gbé mi lọ. Mi ò lè jókòó ni. Mo ń wo aago, mo ń ṣí gíláàsì fèrèsé, mo ń tì í, títí awakọ̀ fi bi mí bóyá èébì ń gbé mi. Àdúrà ni mò ń gbà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí obìnrin yẹn ti kú, kí irọ́ mi lè di òótọ́.

Ilẹ̀kùn ṣì jẹ́ búlúù. Ìyá Onílé dúró lábẹ́ okùn aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò wo ojú mi rárá, ẹsẹ̀ mi ló wò. Ó ní, “Ẹlẹ́sẹ̀ Tínrín, gba etí kejì.” Mo gbà á. Bí a ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ náà la ṣe é: a nà án, a ṣẹ́ ẹ po, a rìn pàdé ara wa. Ibi tí ọwọ́ wa ti kanra ló ti bi mí pé, “Èkejì mi ńkọ́?”

Mo lè sọ fún un pé ó wà nínú ọkọ̀ léèbúté. Ogún ìṣẹ́jú péré ni takisí fi gbé mi débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fojú kanra, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Mo ti túfọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ìwòsàn, mo mọ bí a ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Mo fi ohùn iṣẹ́ mi yẹn sọ fún un pé, “Ẹ ṣe ọkàn gírí, Mà. Màmá ti sinmi.”

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tó kú, mo dárúkọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọjọ́ náà sára ògiri, níbi tó ti máa ń fàlà sí gíga èmi àti àbúrò mi. Ó ní òun ò bá wọn sin ọ̀rẹ́ òun, ó kéré tán òun á sin ọmọ rẹ̀ dé èbúté. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má wá. Mo ní oòrùn mú, mo ní àtẹ̀gùn pọ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń gùn ún, èmi ni kí n rọra lọ.

Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀, Màmá ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Àtìgbà tí mo ti jáde ló ti wà bẹ́ẹ̀. Mo ní òkun ti gbé ibẹ̀ lọ, àtilé àtilẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ sí mi, mo kúnlẹ̀, mo bọ́ bàtà náà. Ó ní kí n gbé òun lọ sókè ọkọ̀, kóun tilẹ̀ wo ìlú náà. Mo ní afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó wá palẹ̀ abọ́ mọ́ gbọ́, ó fi ẹ̀rín ti àga rẹ̀ lọ sókè, mo tẹ̀ lé wọn.

Ọkọ̀ ti ń kúrò nígbà tí mo rí Ìyá Onílé. Ó dá dúró lórí èbúté, ó ń fi aṣọ funfun juwọ́. Mo sá sẹ́yìn òpó kan. Màmá, tójú rẹ̀ ò ríran jìnnà mọ́, bi mí pé, “Ta lobìnrin yẹn ń juwọ́ sí?” Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó wò yí ká, kò rí ẹni tó dá a lóhùn. Ó ní, “Kò dáa kí èèyàn máa dá juwọ́.” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ń juwọ́ síra wọn títí a fi yà sẹ́yìn àwọn àpáta. Bí mo bá pariwo lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá Ìyá Onílé ìbá gbọ́. Mi ò pariwo. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Màmá kú lóòótọ́. Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ irọ́ tí mo dá yẹn, Ìyá Onílé a kọ̀wé sí mi pé òun ò gbàgbé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti sun níná. Ti ọdún yìí dé lóṣù tó kọjá, ìlà ìkọ̀wé rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láyé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin náà ti ń bímọ. Bí ìyá bá ń bá yín tọ́mọ, ẹ má rò pé kò ní ibòmíì tó wù ú láti wà. Ẹ bi í. Bó bá ní òun fẹ́ lọ, ẹ bá a di ẹrù. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ wo ojú mi báyìí, má wò ó. Àdírẹ́sì wà nínú dúróà yẹn. Lọ bá a kó tó pẹ́ jù, sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́, má bá mi bu omi lù ú. Sọ fún un pé Èkejì rẹ̀ ló juwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ṣépè, jẹ́ kó ṣé e tán. Bó bá ní kí wọ́n gbé mi wá, tí mo bá sì jí lọ́la, ẹ gbé mi lọ. Mi ò tíì ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ ná.