Búrẹ́dì Tí Mo Kọ Orúkọ Alààyè Sí

Ẹ jẹ́ kí iná ààrò máa jó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti gbé mì fún ọdún mẹ́ta ó lé, mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde kí iṣẹ́ Ọdún Àwọn Òkú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ má fẹ́ kí búrẹ́dì òkú yín wọ ààrò mi mọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Dókítà tó wà ní Oruro, ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, ti sọ fún mi pé ìyẹ̀fun àti èéfín ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi tán. Mi ò ní rí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Nelva, jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ níbí.

Gbogbo yín mọ Casilda, Màmá Abdón, tí a sin ní oṣù kejì ọdún yìí. Ẹ mọ̀ pé kò mọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí, pé èèyi dí ọmọ náà létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, pé àwọn obìnrin ìjọ ní Cochabamba ló kọ́ ọ ní ìwé, àti pé São Paulo, nílẹ̀ òkèèrè, ló lọ tó ti ń ránṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ pọ̀ níbẹ̀ débi pé adití àti ẹni tó ń gbọ́rọ̀, ọgbọọgba ni wọ́n. Adití kò lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá tí kò mọ̀wé kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Èmi Hilarión oníbúrẹ́dì ni mo wà láàrin àwọn méjèèjì.

Abdón ló fi fóònù náà ránṣẹ́ sí i. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, tí búrẹ́dì bá ti tán lórí igbá, Casilda á wọlé, á ṣí fìlà rẹ̀, á gbé e lé orúnkún bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Á na fóònù sí mi. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, á ní, “Oníbúrẹ́dì, ṣé o ń kàwé ni àbí o ń po ìyẹ̀fun? Kà á.” Èmi á kà. Òun á sọ èsì, èmi á tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá ti fi í ránṣẹ́, á bi mí bóyá àmì méjèèjì ti pa aró. Ìyẹn nìkan ló lè kà nínú fóònù náà: bí àmì méjì bá pa aró, ọmọ rẹ̀ ti rí i. Á fẹnu ko ojú fóònù, á sì máa lọ. “Ìwọ ni ojú mi,” ni ó máa ń sọ.

Ọdún kan gbáko ni mo fi kà á bó ṣe wà. Kí ẹ mọ̀ pé mo mọ bí a ti ń ṣe rere. Kì í ṣe àìmọ̀.

Lọ́jọ́ kan Abdón kọ̀wé pé, “Màmá mi, ìgbàkígbà tí mo bá ń rán aṣọ funfun, ojú ẹ ni mo máa ń rí.” Mo wo ọ̀rọ̀ náà. Èmi ò bímọ. Kò sí ẹni tó kọ irú rẹ̀ sí mi rí. Mo gbójú sókè, mo ní, “Ó ní ara òun le.” Casilda dúró. Ó ní, “Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?” Mo ní, “Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ojú rẹ̀ ṣú bí ìgbà tí wọ́n bo àtùpà. Mo rí i pé èmi ni mo bò ó. Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní pa irọ́ fún yín lónìí: ó dùn mọ́ mi bí iyọ̀ ṣe ń dùn mọ́ màlúù.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ń fi í ṣeré. Bí ẹsẹ̀ kò bá dùn mí, mo lè jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, kò ní lọ sílé láìsunkún. Mo sọ fún un pé Abdón ní ọbẹ̀ pòtétò gbígbẹ rẹ̀ máa ń rùn, pé ojú máa ń ti òun ní kékeré tí òun bá gbé e lọ sí ilé ìwé. Abdón kò kọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Casilda kò se ọbẹ̀ yẹn mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ́ rí mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sè é tó o nílùú yìí. Èmi náà máa ń jẹ ẹ́.

Mo ba èsì náà jẹ́. Bí ó bá ní, “Sọ fún un pé mo ti hun fìlà rẹ̀ tán, irun àgùntàn dúdú ni mo fi hun etí rẹ̀ kí òtútù má baà mú un,” èmi á tẹ̀ pé, “Mo ń ṣiṣẹ́, má dà mí láàmú.” Ọmọ náà á dáhùn pé, “Màmá, kí ni mo ṣe?” Èmi á kà á sókè pé, “Ó ní òun ti ní fìlà.”

Ẹ má wo ara yín. Ẹ gbọ́ mi tán. Ibi tó burú kò tíì dé.

Ní oṣù kẹjọ, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Abdón kọ̀wé pé òun ti gba yàrá kan tó ní fèrèsé méjì. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú ìyá òun ní Ọdún Àwọn Òkú, kó má wulẹ̀ di ẹrù púpọ̀. Ó ní, “Bí inú bá tiẹ̀ ń bí ẹ sí mi, bú mi lójú, kí n rí ẹnu ẹ.” Casilda jókòó níwájú mi, fìlà lórí orúnkún. Mo ro ti aago mẹ́rin ọ̀sán tí kò ní sí ẹni tó máa wọlé. Mo tún rò ó pé bí ọmọ yìí bá dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo irọ́ mi á fi bọ́ sí gbangba. Mo ní, “Màmá Abdón, kì í ṣe Abdón ló kọ èyí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àyà ló dùn ún. Wọ́n ti sin ín.”

Kò ké. Ó wá béèrè pé, “Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

Mi ò ronú dé ibẹ̀. Mo ní, “Obìnrin kan. Rosa lorúkọ rẹ̀.”

“Rosa. Ṣé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó fi wẹ̀ ẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tẹ̀ ẹ́ fún mi, Oníbúrẹ́dì. Sọ fún Rosa pé mo dúpẹ́. Sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ mi. Sọ fún un pé bí òun náà bá bímọ, kò ní rí ikú rẹ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo tẹ̀ sí Abdón nìyí: “Má wá. Mi ò ní ọmọ mọ́.” Àmì méjì yọ. Wọ́n pa aró. Casilda na ọrùn, ó ní, “Ó ti rí i?” Mo ní, “Rosa ti rí i.” Lẹ́yìn náà, mo ti ilẹ̀kùn fóònù mọ́ nọ́ńbà ọmọ náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má lè wọlé mọ́.

Ọdún dé. Ó gbé ìyẹ̀fun wá bí ẹ̀yin náà ti gbé tiyín wá lónìí. Ó po ọmọ búrẹ́dì, èyí tí a ń mọ bí ènìyàn fún òkú, ó yan ojú amọ̀ kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn nínú àpótí mi, ojú ọkùnrin tó ní irun iwájú orí dídì, ó ní ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ sí i láyà. Ẹ mọ̀ ọ́n, a kì í kọ orúkọ alààyè sí ọmọ búrẹ́dì. Ìyá tó bá ṣe é ti ké sí ikú pé kó wá gbé ọmọ òun. Mo fi ìyẹ̀fun pípò tín-ín-rín kọ A, mo kọ B, mo kọ ọ́ dé òpin. Mo sì ti í sínú ààrò.

Nelva, ìwọ lo wá láti Oruro pẹ̀lú fóònù tìrẹ. O ya tábìlì òkú tí Casilda, ìyá ìsàmì ẹ, tẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò, àwọn òdòdó, àkàsọ̀ búrẹ́dì tí ọkàn máa gùn, ọmọ búrẹ́dì tó wà láàrin, o sì gbé e sí ibi tí gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà ẹ á ti rí i. O kò rántí pé nọ́ńbà òkú ṣì wà nínú fóònù ẹ. Aago méjìlá ọ̀sán lù, wákàtí tí ọkàn àwọn òkú ń wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, o wo orúkọ àwọn tó ti wò ó, o sì kígbe. Abdón wà níbẹ̀. Abdón ti wo tábìlì rẹ̀.

Ìwọ àti Casilda kúnlẹ̀ síwájú fóònù. O yíjú sí èmi tí mo wá bá yín níbi tábìlì náà, o ní, “Bàbá Hilarión, ṣé òkú lè wo fóònù ni?”

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ kan jókòó ní São Paulo, tó ń wo orúkọ ara rẹ̀ lórí búrẹ́dì òkú, tó mọ̀ pé ìyá òun ni ó pò ó. Bí mo bá la ẹnu, ọkọ̀ ọjọ́ kejì ì bá gbé ìyá náà lọ bá a. Mo ní, “Wákàtí wọn rèé. Ta ló mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé?” Casilda bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Adití mi, ojú ló fi wá.” Kò sí ọjọ́ tí mo rí i kí inú rẹ̀ dùn tó ọjọ́ yẹn. Èmi náà jẹ nínú búrẹ́dì náà.

Má sunkún, Nelva. O kò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé fóònù wá. “Nọ́ńbà tí mi ò rí irú ẹ̀ rí,” ni ó ní. “Kí ni wọ́n ń wí?” Abdón ni, láti orí fóònù ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ pé, “Màmá, mo ti rí búrẹ́dì mi. Mo rí orúkọ mi. Mi ò ní dà yín láàmú mọ́. Ojú tí ẹ yàn yẹn jọ mí.” Ẹ gbọ́ o, ó ti fi ‘ẹ’ bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀, ìyá tó ń pè ní ‘o’ láti kékeré, bí ẹni tó ń kọ̀wé sí àjèjì. Mo ní, “Àwọn tó ń ta káàdì fóònù ni. Wọ́n ní ebi ń pa fóònù ẹ.” Casilda rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sọ fún wọn pé kó dúró, èmi náà kò tíì jẹun.” Mo pa ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ rẹ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ọdún mẹ́ta ni a ń tẹ́ tábìlì fún òkú tuntun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ orúkọ náà. Lọ́dún kejì, Abdón tún wò ó. Lọ́dún kẹta, kò wò ó. Casilda ní, “Ọkàn rẹ̀ ti sinmi nìyẹn.” Ní oṣù kejì, òun náà lọ. Ìwọ lo gbé fóònù rẹ̀ wá fún mi, Nelva. O ní ó sọ ọ́ kó tó kú pé kí wọ́n fún oníbúrẹ́dì, ẹni tó jẹ́ ojú òun.

Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ṣí ilẹ̀kùn tí mo tì. Mo kọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí sí Abdón. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú, àti pé ó kú láì bínú sí i. Àmì kan ṣoṣo ló yọ, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lánàá ó di méjì. Ó pa aró. Mo dúró kó bú mi. Mo dúró kó gégùn-ún. Ìbéèrè kan ni ó kọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: “Ta ló máa po búrẹ́dì màmá mi?”

Ọdún yìí ni tábìlì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi kò lè pò ó mọ́, bó bá sì lè pò ó, kò yẹ. Mo ti yan ojú amọ̀ náà. Ó wà nínú agolo lórí fèrèsé, ojú obìnrin tó dé fìlà. Nelva, ìwọ ni kí o pò ó. Orúkọ Casilda ni kí o kọ sí i, ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí Abdón kí aago méjìlá tó lù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn àgbà ń na fóònù sí, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà. Bó bá korò, ẹ kà á. Bó bá dùn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kọ sí yín rí, ẹ kà á.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Ẹni tí ì bá fún mi ti lọ, mi ò sì lójú láti bẹ èyí tó kù. Ohun kan ni mo ń tọrọ. Bí ọdún bá yípo tí mo ti lọ, ẹ má ṣe po búrẹ́dì tèmi. Kí ọkàn mi wọ ìlú yìí ní aago méjìlá ọ̀sán, kó máa ti ilé dé ilé, kó máa wo orúkọ lára búrẹ́dì oníkálùkù, kó má rí tirẹ̀. Mo mọ̀wé. Màá kà á tán.

Ó yá, ẹ gbé ìyẹ̀fun yín wọlé, tàbí kí ẹ gbé e lọ. Ààrò ti gbóná.