Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àdìjátù

Mariyah, gbé abọ́ yẹn sílẹ̀. Jókòó ti àǹtí rẹ Hussainat. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa là mí láyà, dókítà kò sì fi bò fún mi pé ó ṣeé ṣe kí n má jí. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí, n kò ní gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Àdìjátù ìyàwó mi náà kọ́, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni ọ́ nígbà tí ìjọba fi ọ́ lé wa lọ́wọ́ láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí pé ká tọ́ ọ. Oṣù yẹn gan-an la kó wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ní, "Ṣàkírù, imú ẹ ni ọmọ yìí gbé wá sáyé o!" màá rẹ́rìn-ín, màá sì gbà á. Ó ń dùn mọ́ mi. Hussainat, má wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin Àdìjátù, ìwọ lo sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fọ́mọ yìí kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta." Mo mú ọ búra pé o kò ní sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí Mariyah kọ́kọ́ gba àyè ní yunifásítì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Balógun. Ó ní, "Alàgbà, ẹgbẹ́ wa ní Onikan ló ń san owó yunifásítì fáwọn ọmọ tí alágbàtọ́ tọ́ dàgbà. Orúkọ Mariyah wà lọ́dọ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá fọwọ́ síwèé o."

Alágbàtọ́! Mariyah, ọ̀rọ̀ yẹn ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ bá lórí ìwé náà. Mo ní, "Ó ti lọ ilé ọkọ. Kò fẹ́ kàwé mọ́." Ó wò mí títí. Ó ní kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí n kì í dá ẹ̀rọ oníbàárà padà bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, mo jókòó, mo fara balẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ kó lè jọ ọwọ́ rẹ, pé o kò fẹ́.

Mo wá sọ fún ọ pé kò sówó. O ní, "Bàbá, kò burú. Ṣebí sùúrù tí ẹ fi ń tú ẹ̀rọ ni mo jogún." Láti ìgbà náà lo ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ aláṣọ.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́; mo ń tú ẹ̀rọ, mo ń tò ó, títí mo fi mọ̀ pé bí òwú ìsàlẹ̀ bá lọ́, òkè aṣọ á ṣì máa dán, ọjọ́ tí wọ́n bá fà á ni yóò tú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá o tún gba àyè. O ní, "Bàbá, ẹ má dààmú, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni." Ìyẹn ló fà á. Mo pe Morẹ́nikẹ́ láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́. Ó pariwo mọ́ mi, "Ẹ̀yin àgbà yìí!" Ó wá ní àyè ṣì wà bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn kó o tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ọ̀la lo máa pé e.

Gbé orí ẹ̀rọ Àdìjátù yẹn sókè. Ìwé tí ìjọba fi fà ọ́ lé wa lọ́wọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ọ̀rá; mú un dání. Má dárí jì mí báyìí, kò sáyè fún ìyẹn. Bí o bá padà dé, tí o kò fẹ́ pè mí ní Bàbá mọ́, mo gbà. Wọ bàtà rẹ. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ní Onikan.