Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sẹ́nu Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Mo dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan, mo sì purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni. Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù nìyẹn, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, òkun ti ń ru níbí ní Abereke, àwọn èèyàn sì ń fi ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìgbì. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Àwọ̀n ni mo ń tún ṣe fún àwọn apẹja. Ìwé díẹ̀ ni mo kà. Mo dé girama, mi ò parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn àròsọ. Mo máa ń kọ ọ́, mo máa ń kà á sórí fóònù, mo sì máa ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ wà.

Níbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ni mo ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo wá ki ọ̀rọ̀ líle kan bọ̀ ọ́, èyí tí mo rí nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, tí èmi alára ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ wo ìyìn. Wọ́n ní Yorùbá ìjìnlẹ̀ rèé. Wọ́n sọ mí ní Ọ́ńkù Ìjìnlẹ̀. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà yẹn, bí òǹgbẹ bá ń gbẹ èèyàn nínú ìtàn mi, kò ní kàn sọ pé ẹ fún òun lómi, àfi kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, gbọ́ ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ara ọkùnrin yẹn ò yá ni?"

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ líle tán lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi. Mo kọ ìtàn àgbàlagbà ọlọ́kọ̀ kan tí ìgbì fẹ́ gbé lọ. Ó dìde dúró níwájú ọkọ̀, ó kígbe pé "Àràgbàdúmẹ̀", òkun sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, ara páálí oògùn ibà ni mo ti rí i. Ìdajì tó kù kàn wá sí mi lẹ́nu níbi tí mo ti ń jẹun ni.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní bàbá bàbá mi ní Etikan ló fi sílẹ̀ fún wa, pé òun ni wọ́n fi ń la ìgbì kọjá láyé àtijọ́. Bàbá yẹn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ọkọ̀ ní Abereke. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbé etí òkun, bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wálé, kì í kàn já wọ èbúté. Ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ló máa dúró sí, tí awakọ̀ á máa wẹ̀yìn, títí àwọn ìgbì ńlá á fi kọjá. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ ló tó ń sáré wọlé. Ẹni tí kò bá dúró, ọkọ̀ rẹ̀ lè dojú dé.

Oṣù tó kọjá ni mo bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi wọkọ̀. Apẹja ni, oníbàárà mi ni. Ó fẹ́ kí n wo bí àwọ̀n rẹ̀ ṣe ń ṣe lójú omi. Mi ò fẹ́ lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá já sómi, bí ọlọ ni mo ṣe máa rì.

Nígbà tí a ń bọ̀, ìgbì ga. Mo rò pé Tèmi á dúró. Ńṣe ló fún ẹ́ńjìnnì níná, ó dìde, ó sì kígbe ọ̀rọ̀ náà.

Nínú àwa méjèèjì, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, Tèmi, dúró. Ẹ wá wo ohun tó jáde lẹ́nu mi: Àràgbàdúmẹ̀. Mo pè é tagbáratagbára. Mo pè é ju Tèmi lọ. Bóyá mo rò pé òkun ò tíì gbọ́ pé irọ́ ni.

Ìgbì gbé wa sókè, ó yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi rọ́ wọlé, ó sì gbá gbogbo ẹja tí Tèmi pa lọ. Orí ló yọ wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan iyanrìn, ṣòkòtò mi ti rin gbingbin, kì í sì í ṣe omi òkun nìkan ló wà lára rẹ̀.

Tèmi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé ẹ rí i? Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yín, a ti bómi lọ. Èmi ò ní dúró de ìgbì mọ́ o. Àwọn tó ń dúró yẹn, ojo ni wọ́n."

Gbogbo ohun tí mo rí sọ ò ju pé kó bá mi kí ìyàwó ẹ̀. Oyún sì wà nínú obìnrin náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ àwọ̀n á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń bẹ̀rù òkun, mo ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn, mi ò mọ èyí tí mo bẹ̀rù jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín lójú omi, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ ní irọ́ ni. Ẹ ní kí wọ́n dúró de ìgbì bí wọ́n ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀. Tèmi, bí o bá ń ka èyí, orí ilẹ̀ ni kó o ti máa bínú sí mi. Ẹ forí jì mí, gbogbo yín.

Àná ni mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Bọ́lá, níbi tó ti ń yan ẹja. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ síta, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kárí Ìlàjẹ. Kò gbójú sókè. Ó yí ẹja ọwọ́ rẹ̀ padà lórí iná, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì pa ẹnì kankan ní Abereke. Omi ló ń pa wá."