Lójú Ọ̀nà Èkó, Lọ́jọ́ Gbèsè

Kò sí etí bíi tèmi ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kódà bí mo ṣe ń tòògbé nínú ọkọ̀ Èkó ní ìdájí, tí kùrukùru bo Ewékorò bí ìgbà téèyàn ń lálàá, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń bá bàbá arúgbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìjọba ló fà á, bàbá. Afárá ni wọ́n ń kọ́ kiri, kò sówó lọ́wọ́ aráàlú. Àdìrẹ tí mo yáwó rà, kò sẹ́ni tó rà á lọ́wọ́ mi."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Wọ́n ti ba ìlú jẹ́. Níbo lò ń lọ báyìí?"

"Mò ń sá ni, bàbá. Àwọn obìnrin tá a jọ yáwó lẹ́gbẹ́, tá a jọ ṣe onídùúró fún ara wa, ń bọ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa lónìí, títí a ó fi san án."

"Ta ló wà nílé?"

"Ìyá mi."

Bàbá yíjú sí i. "Ta ni yóò wá gbé àga fún wọn? Ṣé ìjọba ni?"

Mo ti gbọ́ olóṣèlú tó pọ̀ lórí rédíò, kò sẹ́ni tó béèrè irú ìbéèrè yẹn rí. Ìbéèrè náà ń fò jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀ bí eruku sìmẹ́ńtì Ewékorò.

"Ìyá mi ni," obìnrin náà dáhùn. "Á kí wọn ẹ kú ìjókòó. Á tún bu omi fún wọn."

Ó wo kùrukùru títí, ó wá ké sí dẹ́rẹ́bà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ síbí. Ilé ni mò ń lọ."